Èmi Ni Mo Ní Kí Zinsu Má Bẹ́ Sómi

Ọkọ̀ àwọn sójà ń bọ̀ lórí ọ̀sà. Àbúrò ìyàwó mi jókòó sínú ọkọ̀ tirẹ̀, ó dijú, ó káwọ́ lé itan, ó ń tún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pè nínú ọkàn rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè lúwẹ̀ẹ́ tó o ní gbogbo Ajido. Ká ní ó bẹ́ sómi ni, ọwọ́ wọn ì bá má tẹ̀ ẹ́. Kò bẹ́.

Èmi ni mo ní kó má bẹ́.

Mi ò kọ èyí kí ẹ lè ṣàánú mi. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé mi ò kì í tọrọ àánú. Mo ti darúgbó kí n tó jókòó ti A-B-D, èmi nìkan, pẹ̀lú ìwé ìròyìn tí wọ́n fi di ẹja, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí kó wá bá mi tún un ṣe. Ẹ gbà á bí mo ṣe kọ ọ́.

Ọdún tí ìjọba ológun ti ẹnubodè pa ni. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ni mo fi ń jẹun nígbà náà. Mo ń kó èrò àti àgbọn láti Gbẹrẹfu wá sí Àgbádárìgì, mo sì ń gba ojú omi ná Àjàṣẹ́ tó wà lódìkejì ẹnubodè. Lójijì, omi tí àwọn bàbá wa ń gbà lọ kí àna wọn di ọ̀nà ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n ní fàyàwọ́ ni. Ìrẹsì wọ́n, mílíìkì di góòlù, sójà ń mú àgbàlagbà fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lẹ́nu ọjà nítorí pé kò tò sórí ìlà.

Epo ọkọ̀ kò sí, èrò kò tó nǹkan. Ara mi kò gbà á. Mo máa jókòó, mo máa dìde. Mo máa lọ wo ọkọ̀, mo máa padà wá wo ilé, mo tún máa lọ wo ọkọ̀. Oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun. Oorun kò kùn mí.

Sẹ̀nami, ìyàwó mi, ọmọ Ẹ̀gùn láti Ajido, ni ó kọ́kọ́ la ohùn.

"Bàbá Rewájú, ẹ jókòó. Adìyẹ tó ń wá ibi tó máa yé sí kì í rìn tó báyìí."

"Ta ni adìyẹ?"

"Èmi ni. Ẹ ṣáà jókòó."

Òun ló mú mi lọ sọ́dọ̀ Tíṣà Motúnráyọ̀. Ará Èkìtì ni Tíṣà, opó ni, ó ti kàwé lókè òkun. Ó ń kọ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí títí ìjọba fi dá òun àti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ó háyà ilé kan létí ọ̀sà. Nírọ̀lẹ́, àwọn bíi mélòó kan máa ń bá a jókòó lórí ẹní lẹ́yìnkùlé, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì, ẹni tí kò ṣe ìkankan. Wọn kì í kọrin. Wọn kì í gbàdúrà sókè. Wọ́n á kàn dijú, wọ́n á dákẹ́. Ó ní àṣàrò ni wọ́n ń ṣe.

Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń fún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ tèmi sí mi létí, ó ní kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe Yorùbá, kì í ṣe Ẹ̀gùn, kì í ṣe òyìnbó.

"Ẹ ó máa pè é nínú ọkàn," ó ní, "jẹ́jẹ́, láìyọhùn. Tí ọkàn yín bá sá lọ, ẹ má bínú sí i. Ẹ kàn padà sídìí ọ̀rọ̀ náà."

"Kí ni ó ń ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan."

"Ṣé ó ń lé ọ̀tá ni?"

"Bàbá Rewájú, kì í lé ẹnikẹ́ni. Ṣé ẹ mọ ìdákọ̀ró? Ìdákọ̀ró kì í wa ọkọ̀. Ó kàn ń jẹ́ kí ọkọ̀ dúró sójú kan ni."

"Ẹ wá ní kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

"Nítorí tí ẹ bá ń gbé e kiri lẹ́nu, ẹ ó máa jiyàn lé e lórí. Ẹ ò ní lè fi sinmi mọ́."

Ó rò pé òun ti dá mi lóhùn. Èmi ń rẹ́rìn-ín nínú. Nílé bàbá mi, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ síni létí, tí wọ́n ní a kò gbọdọ̀ sọ fún ẹlòmíràn, ọfọ̀ ni. Kò sì sí ẹni tó ń fúnni lọ́fọ̀ tó máa ń sọ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ tán lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n á fi díẹ̀ pamọ́ ná, wọ́n á wo ìwà rẹ. Mo sọ lọ́kàn mi pé obìnrin yìí ń dán mi wò ni.

Mo jókòó pẹ̀lú wọn. Èèrùn jẹ mí ní kókósẹ̀. Orúnkún ń ro mí. Ọkàn mi sá lọ sí Àjàṣẹ́, ó padà, ó tún lọ. Mo ń la ojú kan wo àwọn yòókù bóyá àwọn náà ń wò mí. Àmọ́ nígbà tó yá, mo rí i pé mo lè jókòó pẹ́ láìdìde tí mo bá ń pè é. Ibẹ̀ ló yẹ kí n dúró sí. Bó ṣe tó nìyẹn. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kan, Sẹ̀gilọlá háyà ọkọ̀ mi láti Gbẹrẹfu. Oníṣòwò tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ ni. Àgbọn ló wà lókè ẹrù rẹ̀. Ìrẹsì Àjàṣẹ́ ló wà nísàlẹ̀, mo sì mọ̀.

A dé àárín ọ̀sà, ọkọ̀ sójà yọ sí wa.

Mo pa ẹ́ńjìnnì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ̀rọ̀ Tíṣà nínú, mo ń pè é, mo ń pè é. Mo jókòó jẹ́ẹ́. Sójà kan na ọrùn, ó wo àgbọn, ó wo ojú mi, ó fi pijin bi mí pé kí ni mo kó.

"Àgbọn ni, sà."

Ó juwọ́ pé kí a máa lọ. Wọn kò fọwọ́ kan àgbọn kan ṣoṣo.

Sẹ̀gilọlá ń jẹ orógbó rẹ̀ nìṣó bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo rò pé ọkàn obìnrin náà le ni. Mo wo ẹ̀yìn àwọn sójà, mo sì sọ fún ara mi pé wọ́n wò wá, wọn kò rí wa. Ọ̀rọ̀ yẹn ti dì wọ́n lójú.

Ẹ wá wo èmi tí ara mi kò balẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó dà bí iná tí wọ́n da epo sí. Mi ò lè gbé e sínú. Mo dé ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí sódabì, mo mu díẹ̀, mo sọ díẹ̀. Mo tún mu, mo tún sọ.

Kò pẹ́ tí Zinsu fi wá bá mi lẹ́bàá ọkọ̀.

Zinsu ni àbúrò tí Sẹ̀nami fẹ́ràn jù. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọmú kò sì tó ọmọ náà. Mílíìkì wà ní Àjàṣẹ́, kò sí lọ́dọ̀ tiwa, ni òun àti Adélékè ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ń fi ọkọ̀ kékeré ṣe fàyàwọ́. Àwọn ọmọ Ajido ní ọ̀nà tiwọn. Tí wọ́n bá ti gbúròó ẹ́ńjìnnì sójà, wọ́n á fi ọkọ̀ àti ẹrù sílẹ̀, wọ́n á bẹ́ sómi, wọ́n á gba abẹ́ koríko lọ. Ẹrù á lọ, èèyàn á kù. Zinsu ti pàdánù ẹrù bẹ́ẹ̀ títí ó fi sú u.

"Fòfó," ó ní. Bí àwọn Ẹ̀gùn ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin nìyẹn. "Ṣé òótọ́ ni pé sójà dé ọ̀dọ̀ yín, wọn ò rí yín?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà ni. Gbogbo ẹni tó ń mu sódabì ló gbọ́."

"Kí ló dé tí o fi ń bèèrè?"

"Fòfó, ẹ wò mí. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo fẹ́ kó ẹrù délé. Kí ọmọ yẹn ṣáà rí nǹkan mu. Màá fún yín ní ìrẹsì níbẹ̀."

Kì í ṣe ìrẹsì ló mú mi. Láti ìgbà tí ẹnubodè ti tì, kò sí ẹni tó tún wò mí bí ọmọ yìí ṣe ń wò mí lọ́jọ́ yẹn. Ó ń wò mí bí ẹni tó ní nǹkan lọ́wọ́.

Mo tẹnu bọ̀ ọ́ létí, mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún un.

"Má yọhùn o. Inú ni kí o ti máa pè é."

"Tí wọ́n bá sún mọ́ mi jù ńkọ́? Ṣé kí n bẹ́?"

"Tí o bá bẹ́, o ti bà á jẹ́."

"Tí wọ́n bá yìnbọn ńkọ́?"

"Ta ni wọ́n máa yìn ín sí? Ṣé wọ́n máa rí ọ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Tíṣà kò sọ ìkankan nínú èyí fún mi. Èmi ni mo hun ún níbẹ̀, bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló ń dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Sẹ̀nami ti ilé jáde, ó rí wa.

"Kí lẹ ń sọ sí àbúrò mi létí?"

"Ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni," mo ní.

Oòrùn ti yọ dáadáa lọ́jọ́ tí Adélékè sáré wọ agbolé wa, tí aṣọ rẹ̀ ń ro omi, tí koríko ti ya á lójú.

"Wọ́n ti mú Zinsu!"

"Mú un báwo?" Sẹ̀nami pariwo. "Ṣé omi ti gbẹ ni?"

"Dada," ó ní, bí àwọn Ẹ̀gùn ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, "mo bẹ́, mo rò pé ó ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Mo bojú wẹ̀yìn, ó ṣì jókòó. Ó dijú. Mo ń ké pé, 'Zinsu, bẹ́! Zinsu, bẹ́!' Kò dá mi lóhùn. Ètè rẹ̀ ń mì. Ìgbà tí wọ́n máa fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti ń pariwo nǹkan kan. Wọ́n fi ìdí ìbọn gbá a, ó ṣì ń pè é."

"Kí ló ń pè?"

"Mi ò mọ èdè náà."

Sẹ̀nami yíjú, ó wò mí. Mo ti tẹrí ba, mo ń wá bàtà mi, bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ mi.

Nígbà tí èrò lọ, ó bi mí ní ohun tí mo sọ fún Zinsu. Mo ní kó jẹ́ kí n ronú. Ó tún bi mí. Mo jáde nílé. Mo rìn dé etí ọ̀sà, mo rìn padà. Mo gbìyànjú láti jókòó kí n pe ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ bí mo bá ti dijú, Zinsu ni mo ń rí tó dijú.

A lọ sí bárékè, wọ́n lé wa. Wọ́n ní Èkó ni wọ́n ń gbé e lọ, àti pé onífàyàwọ́ kì í padà bọ̀rọ̀.

Ìyàwó Zinsu gbé ọmọ pọ̀n, ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. "Ọkọ mi tó ń wẹ̀ bí ẹja! Ẹnìkan ti dè é mọ́lẹ̀." Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè: ta ló máa ń dijú jókòó nílùú yìí? Kò pẹ́ tí gbogbo ìka fi nà sí Tíṣà. Àlejò ni. Opó ni. Kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Onílé rẹ̀ wá bá mi. Ó ní, "Ìwọ tí o máa ń lọ síbẹ̀, ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń ṣe awo lẹ́yìnkùlé mi?"

Mo ní, "Èmi ò mọ gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe."

Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu yìí náà ni mo fi sọ ọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, wọ́n ti kó ẹrù Tíṣà síta: ẹní, àpótí ìwé, ìkòkò, sítóòfù. Èrò kún iwájú ilé. Mo dúró lẹ́yìn pátápátá, mo fẹ́ lọ, ẹsẹ̀ mi kò lọ.

Ìyàwó Zinsu dojú kọ ọ́. "Kí lẹ fi de ọkọ mi?"

"Ìyàwó mi, mi ò bá ọkọ rẹ sọ̀rọ̀ rí."

"Irọ́ ni!" Adélékè bẹ́ síwájú. "Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara mi!" Ló bá la ẹnu, ó sọ ọ̀rọ̀ náà síta, gbangba, lójú gbogbo èrò, lọ́sàn-án gangan.

Ojú Tíṣà yí padà.

"Ọ̀rọ̀ yẹn," ó ní jẹ́jẹ́, "ẹnì kan ṣoṣo ni mo fún nílùú yìí."

"Ta ni?"

"Mi ò ní sọ."

"Ẹ sọ ọ́!"

"Mo ní kó má sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni. Èmi náà ò ní sọ orúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Tó bá wà níbí, ó ti gbọ́ mi."

Kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. Ká ní ó wò mí ni, ì bá sàn fún mi.

Sẹ̀gilọlá ló tú àṣírí náà. Ó ń ti ọjà bọ̀, ó ya wá wo ìran.

"Ọ̀rọ̀ wo? Ṣé ọ̀rọ̀ tí Bàbá Rewájú ní òun fi dì sójà lójú lọ́jọ́ tó gbé mi láti Gbẹrẹfu?" Ó wá mi kàn láàárín èrò, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ bàbá yìí! Èmi ti rí ọ̀gá wọn kí n tó gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀ rẹ. Àpò ìrẹsì tirẹ̀ ti wà nílé rẹ̀ láti àárọ̀. Sójà wo ló máa tú ẹrù mi?"

Àwọn kan bá a rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í kú lẹ́nu wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yé wọn.

"Bàbá Rewájú." Ohùn Sẹ̀nami ni. "Lẹ́bàá ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kí lẹ sọ sí àbúrò mi létí?"

Kò sí ibi tí mo lè rìn lọ mọ́.

"Mo ní kó má bẹ́," mo ní.

Sẹ̀nami tú gèlè orí rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀. Ìyàwó Zinsu ló rìn wá bá mi. Ó tú ọmọ kúrò lẹ́yìn, ó nà án sí mi.

"Ẹ gbà á," ó ní. "Ẹ̀yin ni kí ẹ fún un lọ́mú."

Wọn kò dá Tíṣà padà sílé náà. Ojú ti onílé, ó sì fi agídí bò ó. Èmi ni mo ru àpótí ìwé rẹ̀ dé gáréèjì.

"Tíṣà, ẹ bá mi wí. Ẹ bínú sí mi."

"Mo ń bínú, Bàbá Rewájú. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí mọ́tò tètè kún."

Mo lọ bá àwọn sójà, mo ní èmi ni kí wọ́n tì mọ́lé dípò Zinsu. Wọ́n ní kí n má fi àkókò ìjọba ṣòfò. Sẹ̀nami kó lọ sí Ajido láti bá ìyàwó àbúrò rẹ̀ tọ́ ọmọ. Mo ń gbé ẹja lọ, wọ́n ń gbà á lẹ́nu ọ̀nà, wọn kì í ní kí n wọlé.

Ìgbà tí ológun kan gba ìjọba lọ́wọ́ ológun kejì, wọ́n tú àwọn kan sílẹ̀, Zinsu sì wà níbẹ̀. Ó gbẹ, eyín rẹ̀ kan ti lọ. Ọmọ tó fi sílẹ̀ ní ọwọ́ ti ń sáré. Nígbà tó fẹ́ gbé e, ọmọ náà fi igbe ta, ó lọ di ìró ìyá rẹ̀ mú.

Sẹ̀nami ti kìlọ̀ fún gbogbo ilé kí ẹnikẹ́ni má sọ nǹkan kan fún un. Ó ní ẹnu ẹni tó ṣe é ni kó ti gbọ́ ọ.

Mi ò tíì lọ. Mo ń sún un sí ọ̀la. Zinsu fúnra rẹ̀ ló wá bá mi lẹ́bàá omi ní òwúrọ̀ kan. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Fòfó, ẹ dárí jì mí."

"Kí n dárí kí ni jì ọ́?"

"Ẹ̀rù bà mí. Nígbà tí wọ́n dé tòsí, ohùn jáde lẹ́nu mi. Ẹ ti ní kí n má yọhùn. Èmi ni mo bà á jẹ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ìdẹwò ọjọ́ yẹn le ju ti ọjọ́ tí mo sọ ọ̀rọ̀ náà sí i létí lọ. Zinsu ti gbé ẹ̀bi mi rù fúnra rẹ̀, ó tún ń bẹ̀ mí lé e lórí. Kí n ṣáà fà á dìde. Kí n ṣáà ní ó ti tán.

Mo jókòó sórí iyanrìn níbi tó wà.

"Zinsu, ọ̀rọ̀ yẹn kì í dì sójà lójú. Tíṣà sọ fún mi pé kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo hun ìyókù. O ò ba nǹkan kan jẹ́."

Ó gbé orí sókè.

"Nígbà náà, ká ní mo bẹ́..."

"Ò bá ti délé kí oòrùn tó mú."

Ó dìde jókòó. Ó ń wo omi. Mo ń dúró de ìgbájú, mo tilẹ̀ fẹ́ ẹ.

"Ṣé ẹ ṣì ń pè é?" ó bi mí.

"Mo ń gbìyànjú. Kò jẹ́ kí n sinmi mọ́."

"Èmi ń pè é. Nínú àtìmọ́lé yẹn, àwọn kan ń la orí mọ́ ògiri. Èmi máa ń jókòó, màá máa pè é. Mo rò pé ohun tí mo bà jẹ́ ni mo ń tún ṣe."

Ó dìde, ó gbọn iyanrìn ara rẹ̀ dànù. Kò na ọwọ́ sí mi kí n fi dìde.

"Fòfó, ẹ má pè é mọ́. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Mo fẹ́ jiyàn. Mo ti la ẹnu láti sọ pé èmi ni wọ́n kọ́kọ́ fún. Mo pa á dé.

Tí ẹnikẹ́ni bá fún yín ní ohun tó mọ níwọ̀n, tó sì sọ ibi tó mọ fún yín, ẹ jẹ́ kó mọ síbẹ̀. Ẹ má fi ẹnu yín nà án gùn fún ẹni tó fọkàn tán yín. Sẹ̀nami padà wálé nígbà tó yá, a sì jọ darúgbó. Zinsu ń dìde nílẹ̀ fún mi tí a bá pàdé, ó ń kí mi, ó ń kọjá. Mo ṣì máa ń rìn títí di òní, láti ilé dé etí ọ̀sà, láti etí ọ̀sà dé ilé, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń sinmi. Ọ̀rọ̀ tí ì bá dá mi dúró, mo ṣì rántí rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n mi ò pè é rí láti ọjọ́ náà. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ní kí n ṣe láyé mi tí mi ò jiyàn nìyẹn.